Ọjọ́ Tí Ìbíyẹmí Pa Ẹnu Òrùka Dé

Agogo kejì ti dún tán, ọwọ́ Ìbíyẹmí sì wà lórí kọ́kọ́rọ́ láìyí i. Òkun ló ń wò. Láti inú ilé gíláàsì tó wà lókè Ẹnu, àlàfo tí ọkọ̀ ń gbà wọ Òrùka, ìlú tó léfòó lórí òkun, kò rí ohun mìíràn bí kò ṣe omi tó ń dìde bí ògiri, tó ń wó, tó tún ń dìde, àti òjò tó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Kò rí ọkọ̀ kankan.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ẹ̀rìnfọlá wí lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀gbà irin ńlá tí wọ́n fi ń so apá méjèèjì Ẹnu pọ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ ju ohun tó yẹ kó sọ lọ. "Abẹ́rẹ́ ti kúrò lójú àwọ̀ ewé."

"Mo rí i."

"Ó ti wọ ojú àwọ̀ ọsàn."

"Mo ní mo rí i, Ẹ̀rìnfọlá."

Abẹ́rẹ́ tó ń wọn ẹrù yìí kì í ṣe ti Ẹnu. Ti Oríkèé Àwóyè ni, ní òdìkejì ìlú lọ́hùn-ún, níbi tó jìnnà sí wọn jù lọ. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí Òrùka ló ti mọ ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ìwé kà. Bí Òrùka bá pa ẹnu dé, gbogbo oríkèé tó so abala ìlú pọ̀ ló ń gbé ẹrù kan náà, kò sí èyí tí ẹrù tirẹ̀ ju ti ìkejì lọ. Bí ó bá lanu, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Mú òrùka tí a ti gé, kí o fà á ya. Kì í ṣe ibi tí a gé ni yóò ti ṣẹ́, ọ̀kánkán ibẹ̀ ni. Àwóyè ló sì wà ní ọ̀kánkán Ẹnu. Nítorí pé kò sí ibi tí omi ti máa ń pa rọ́rọ́ tó ibẹ̀ nígbà tí Òrùka bá dì, ibẹ̀ ni àwọn àgbà kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí. Fẹ̀yíkẹ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìbíyẹmí bí, wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí pẹ̀lú gbogbo ọmọ ìlú.

Ihò ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri hó díẹ̀, ohùn àgbàlagbà kan sì ti ibẹ̀ jáde. Bàbá Ọmọ́jùwà ni, alága ìgbìmọ̀.

"Ẹnu, ẹ kú ìdìmú."

"À ń di ara wa mú, Bàbá."

"Agogo ti dún lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló dé?"

"Àwọn ọkọ̀ kò tíì wọlé, Bàbá."

"Mélòó nínú wọn?"

"Gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán."

Ìlúfóyè, àbíkẹ́yìn Bàbá Ọmọ́jùwà, wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà. Bàbá kò dárúkọ rẹ̀. Ìbíyẹmí náà kò dárúkọ Ajílẹ́yẹ, ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olórí àwọn apẹja tó jáde láàárọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ tó ń wo ojú ọ̀run ṣì ń sọ pé kò séwu títí di ọ̀la.

"Ìbíyẹmí," ni Bàbá tún wí, "n kò lè ní kí o pa á dé, n kò sì lè ní kí o má pa á. O mọ̀ pé ẹni tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí òkun kò gbọdọ̀ pàṣẹ ní Ẹnu. Ohun tí etí mi ń gbọ́ nìkan ni mo lè sọ fún ọ. Àwóyè ń ké."

"Ó ń ké bí kí ni, Bàbá?"

"Bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀."

"Ṣé ẹ kò lè kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀?"

"A ti gbìyànjú rẹ̀. Omi ti bo ọ̀nà orí oríkèé, lọ́tùn-ún àti lósì. Díẹ̀ ló kù kó gbé olùkọ́ kan lọ. A ti ní kí wọ́n jókòó sójú kan."

Ìbíyẹmí yẹ ìsàlẹ̀ wò. Apá méjèèjì Ẹnu, kọnkéré tó fẹ̀ bí òpópónà, ń gbé ara wọn sókè sódò láìbá ara wọn mu. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun ìlà sí apá òsì láti fi mọ bí àlàfo ṣe fẹ̀ tó. Ẹ̀gbà irin náà ga bí ilé, apá ọ̀tún ni ó sì ń gbé bí ẹ̀gbà ọwọ́ ìyàwó. Bí wọ́n bá fẹ́ pa Ẹnu dé, ehín ẹ̀rọ á máa yí i, á máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbé orí apá òsì mì, lẹ́yìn náà ni rọ́bà inú rẹ̀ á wú, á sì há wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n gígùn ẹ̀gbà náà ní ìwọ̀n. Bí omi bá ti gbé àwọn apá náà jìnnà síra kọjá ìlà funfun ìkẹyìn, kò sí ọwọ́ tó lè pa Ẹnu dé mọ́. Á wà ní lílà bẹ́ẹ̀ títí ìjì yóò fi tán, tàbí títí ìlú yóò fi tán.

Ó ku ìlà mẹ́ta.

Ó gbé rédíò sẹ́nu. "Bàbá Fẹ̀yí, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Ariwo afẹ́fẹ́ nìkan ló kọ́kọ́ dáhùn. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ọ, ohùn Ajílẹ́yẹ, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. "Mò ń gbọ́ ọ."

"Ibo lẹ dé?"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ ré òpó irin àwọn elépo kọjá ni."

Òpó tó ti dípẹtà náà, tí àwọn elépo àtijọ́ fi sílẹ̀ sínú òkun nígbà tí etíkun ṣì wà, jìnnà débi pé bí omi bá tilẹ̀ rọ̀, ènìyàn á jẹun yó láti ibẹ̀ kó tó dé Ẹnu. "Kí ló dá yín dúró tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Ìlúfóyè kú. Mò ń fà á."

"Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kù máa sáré bọ̀ níwájú."

"Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní a jọ jáde ni, a jọ ń wọlé ni. Ìyá Fẹ̀yí, fún wa ní díẹ̀ sí i."

Ajílẹ́yẹ kì í bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, bí ó bá fẹ́ nǹkan, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, bí kò bá sì rí i, á gbàgbé rẹ̀. Bí Ìbíyẹmí ti gbọ́ ohùn yẹn, ó mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ọkọ òun. Ó tún gbọ́ àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹnì kan ń pariwo pé, "Ẹ sọ fún un kó má pa á! Ẹ sọ fún un!"

"Ẹ máa bọ̀," ni ó wí. "Ẹ máa bọ̀ bí ẹ ti ń bọ̀."

Ó gbé rédíò kalẹ̀. Abẹ́rẹ́ Àwóyè gbọ̀n, ó sì wọ ojú pupa. Kò padà.

Ẹ̀rìnfọlá ti na ọwọ́ sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń dúró. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, kò wo ojú Ìbíyẹmí. "Ẹ̀gbọ́n, méjì ni tèmi níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Kì í ṣe pé mò ń..."

"Mo mọ̀, Ẹ̀rìnfọlá. Má sọ ọ́."

Ó ku ìlà méjì. Ìgbì kan dé tó ga ju gbogbo èyí tó ti ń dé lọ, ó gba àárín Ẹnu wọlé, ó sì fọ́ sínú omi ìdákẹ́rọ́rọ́ tó wà láàárín ìlú, níbi tí ìjì kì í dé, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja. Àwọn àgò ẹja já, wọ́n ń fò lórí omi bí agbọ̀n ọjà. Gbogbo Òrùka lọ́ra bí ejò tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti inú ihò ọ̀rọ̀, láìsí pé Bàbá Ọmọ́jùwà sọ ohunkóhun, Ìbíyẹmí gbọ́ Àwóyè fúnra rẹ̀: irin ń lọ irin, igbe gígùn tí kò ní èémí láàárín. Lábẹ́ igbe náà ni ó ti gbọ́ ohùn tín-ín-rín púpọ̀ tó ń ké pọ̀. Àwọn ọmọ ni.

Ìlà kan ni ó kù, omi sì ti ń lá a.

Ìbíyẹmí yí kọ́kọ́rọ́.

Kò pariwo, kò sì gbàdúrà. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn ènìyàn máa ń bi í bóyá ó rí ohun kan lójú òkun kó tó yí i, bóyá ó ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé wọn kò lè dé. Kò rí nǹkan kan. Ó yí i nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìlà náà sì ti ń lọ.

"Máa yí i," ni ó wí.

Ẹ̀rìnfọlá fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀. Ehín irin bá ehín irin mu, ilé gíláàsì gbọ̀n láti ìpìlẹ̀, ẹ̀gbà ńlá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń tutọ́ omi iyọ̀ àti ìdọ̀tí, ó ń rìn lọ sí apá òsì. Lẹ́ẹ̀mejì ni ìgbì tì í kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ tí Ẹ̀rìnfọlá dá a padà. Lẹ́ẹ̀kẹta ó gbé orí apá òsì mì. Rọ́bà wú. Ìró kan dún, kò dún ju bí ẹni pa ilẹ̀kùn yàrá dé lọ.

Abẹ́rẹ́ Àwóyè kúrò lójú pupa, ó kúrò lójú àwọ̀ ọsàn, ó dúró sójú àwọ̀ ewé.

"Àwóyè ti dákẹ́," ni Bàbá Ọmọ́jùwà wí nínú ihò.

Ìbíyẹmí rí i pé láti ìgbà tí òun ti gbé rédíò kalẹ̀, òun kò pa á. Ó gbé e.

"Mo gbọ́ irin náà," ni Ajílẹ́yẹ wí kí Ìbíyẹmí tó sọ ohunkóhun.

Ó gbọ́ tí ẹnì kan bú sẹ́kún nínú ọkọ̀ náà, tí ẹlòmíràn ní kí ó pa ẹnu mọ́. Ó gbọ́ òkun. Ó rò ó pé bí òun bá sọ pé ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ náà á kéré ju ohun tí òun ṣe lọ, bí òun bá sì dákẹ́, ìdákẹ́ náà á dà bí ìdágbére. Kò sì fẹ́ dágbére. Kí ni ó kù? Omi wà níta, ọkọ̀ mẹ́sàn-án wà lórí omi, okùn wà nínú àwọn ọkọ̀ náà.

"Bàbá Fẹ̀yí," ni ó wí, "ẹ so ara yín pọ̀."

"Kí ni o wí?"

"Ẹ má bọ̀ mọ́. Kò sí ibi tí ẹ ń bọ̀. Ẹ so ara yín pọ̀ níbi tí ẹ wà, orí ọkọ̀ kan mọ́ ìdí òmíràn, títí tí ẹni ìkẹyìn á fi so mọ́ ẹni àkọ́kọ́. Ẹ ṣe ara yín ní òrùka."

"Okùn wo la ó fi ṣe é? Okùn tí mo fi ń fa Ìlúfóyè nìkan ló nípọn tó."

"Okùn orí àwọ̀n. Ẹ gé àwọ̀n dànù."

Ní Òrùka, ẹni tó bá gé àwọ̀n ìlú kò ní wọ ọkọ̀ mọ́ láyé rẹ̀, nítorí pé àwọ̀n ni oko wọn, òun ni aṣọ wọn, òun ni oògùn tí wọ́n ń fi ẹja pààrọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará òkè ilẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tí o ń sọ?"

"Mo mọ̀. Ẹ gé e. Èmi ni mo ní kí ẹ gé e."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ wọn sọ́nà bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní irun dídì, ó rọra ń sọ ọ́, ó ń tún un sọ. Ajílẹ́yẹ ń gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi rédíò kékeré ọwọ́ rẹ̀ pín in fún àwọn ọkọ̀ yòókù, nítorí pé ọkọ̀ olórí nìkan ni rédíò rẹ̀ ń dé ìlú. Ẹ má jẹ́ kí okùn kan le ju ìkejì lọ. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbìyànjú láti wa ọkọ̀ síbi kankan, torí ẹni tó bá ń fà ló ń já. Bí ìgbì bá gbé ọ̀kan, kí gbogbo yín bá a gòkè, kí gbogbo yín bá a sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kó ẹja dà sómi. Ẹ fi ohun tó bá rọ̀ há àárín okùn àti igi, kí igi má baà jẹ okùn.

Ẹ̀rìnfọlá bu omi fún un. Kò rí i.

"Ó ti dì," ni Ajílẹ́yẹ wí nígbà tó yá. Ó ń mí sókè sódò. "Adérójú ló ta kókó ìkẹyìn. Èékánná rẹ̀ ti ṣí." Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ohùn tó yàtọ̀, ó ní, "Ìbí, ó ń gbé wa. Ó ń gbé gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Kò fọ́ wa."

Ìbíyẹmí fi orí lé ojú gíláàsì tútù. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ìjì náà kò lọ. Ó pẹ́ tí wọ́n wà bẹ́ẹ̀, òun nínú ilé gíláàsì, ọkọ rẹ̀ lórí omi, tí wọn kò sọ ohun gidi kan fún ara wọn. Ó ń bi í pé ṣé wọ́n ṣì dì, á ní wọ́n dì. Nígbà kan ó ní, "Fẹ̀yí fẹ́ràn orí ẹja. Mo ti dá gbogbo rẹ̀ nù. Bá mi bẹ̀ ẹ́." Ìbíyẹmí ní kó fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ìgbì sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìgbà tó tún sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti tán lóhùn rẹ̀. "Ọkọ̀ kan ń gba omi."

"Ṣé wọn kò lè máa gbọ́n ọn?"

"Wọ́n ti ń gbọ́n ọn láti ìgbà tí a ti so ó. Igi rẹ̀ ló là. Ó ti ń wúwo, ó ń fa àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rì."

"Ọkọ̀ ta ni?"

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Kí ni òfin wí?"

Ìbíyẹmí mọ òfin náà ju oríkì ara rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lò ó láyé rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí Òrùka fi kéré sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n bí ìyá rẹ̀. Ó kà á bí wọ́n ti kọ́ ọ. "Abala tí kò bá lè gbé ẹrù rẹ̀ mọ́, kí a kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Kí a tú u sílẹ̀. Kí a fa Òrùka pọ̀, kí a tún un dì."

"Ta ní ń tú u?"

"Ẹni tó ni abala náà. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan okùn rẹ̀." Nítorí kí ọ̀pọ̀ má baà gé ẹni kan dànù ni àwọn àgbà ṣe fi í sínú òfin. Ó dára, ó tọ́. Gbogbo ìgbà ni Ìbíyẹmí máa ń fi í yangàn fún àwọn àlejò tó ti òkè ilẹ̀ wá.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Ajílẹ́yẹ wí.

"Bàbá Fẹ̀yí, ọkọ̀ ta ni?"

Ó gbọ́ tí Ajílẹ́yẹ ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń pe àwọn ènìyàn ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n máa kọjá, kí wọ́n di okùn mú, kí wọ́n má wo omi. Lẹ́yìn tí orúkọ tán, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ajílẹ́yẹ!" Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Rédíò náà dún bí ìgbà tí omi wọ inú igbá. Ó sì dákẹ́ pátápátá.

Ìgbà tí ìjì fi lọ, oòrùn ti ń rọ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó bá pa Ẹnu dé ni yóò ṣí i, nítorí náà Ìbíyẹmí kò kúrò níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbìmọ̀ ti rán obìnrin méjì wá láti jókòó tì í. Ó yí kọ́kọ́rọ́ padà. Ẹ̀gbà irin padà sí apá ọ̀tún. Òkun dọ̀tí, ó sì sinmi, bí ọmọ tó sunkún sùn.

Wọ́n rí wọn lókèèrè. Ohun roboto kan ni, tó ń fì lọ fì bọ̀ lórí omi, ìṣàn sì ń gbé e bọ̀ wálé díẹ̀díẹ̀. Àwọn ènìyàn tó dúró sórí apá Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọkọ̀. Wọ́n kà á dé mẹ́jọ, wọ́n tún un kà. Ìbíyẹmí kò kà. Kò sí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tó ní ojú méjì tí Fẹ̀yí kùn sí iwájú rẹ̀ nínú wọn.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú Ẹnu, wọn kò lè wọlé. Òrùka ọkọ̀ mẹ́jọ fẹ̀ ju Ẹnu lọ. Àwọn tó wà lókè ké sí wọn pé kí wọ́n tú ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó mira. Wọ́n jókòó nínú àwọn ọkọ̀ náà, ojú wọn funfun fún iyọ̀, ọwọ́ wọn wà lórí okùn.

"Ẹ tú u!" ni ẹnì kan tún pè.

Adérójú, obìnrin tó ta kókó ìkẹyìn, gbé ojú sókè. "Ẹ jọ̀wọ́," ni ó wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, "ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i."

Ìbíyẹmí sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ọkọ̀ àjẹ̀ kékeré kan, ó wà á lọ bá wọn. Kókó àkọ́kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti wú fún omi, ó fi ehín tú u. Bí okùn náà ti já bọ́ sómi, ọkùnrin kan tó ti ní irun funfun lórí bú sẹ́kún.

Ìlúfóyè ló bá a sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin gíga ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n bí ẹyẹ. "Ìyá Fẹ̀yí, ìdí ọkọ̀ wọn ti là láti ìgbà tí wọ́n ti ń fà mí. Wọn kò sọ fún wa. Wọ́n kó gbogbo àwọn tó wà pẹ̀lú wọn kọjá sọ́dọ̀ wa. Mo na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ gé okùn òdìkejì, àwọn á wá kọjá sọ́dọ̀ mi, kí àwọn tó gé èyí tó kù. Wọ́n gé ti òdìkejì. Ọkọ̀ náà yí bìrí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa tiwa lọ sísàlẹ̀. Omi ti dé orúnkún wa. Wọ́n wo ojú mi. Wọ́n sì gé e níbi tí wọ́n wà."

"Ṣé ó sọ nǹkan kan?"

"Rárá, mà. Kò sí àyè."

Bàbá Ọmọ́jùwà ti dé orí apá Ẹnu nígbà tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ gòkè. Ó di orí Ìlúfóyè mú mọ́ àyà, ó dì í mú fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí Ìbíyẹmí ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àgbàlagbà náà ṣí fìlà rẹ̀. Ìbíyẹmí kò dúró de ọ̀rọ̀.

Ó gba ọ̀nà Àwóyè lọ. Ní Òrùka, òkú kì í wọ omi kí wọ́n má kọ́kọ́ gbé e yí ìlú po lẹ́ẹ̀kan. Ajílẹ́yẹ ti wọ omi. Bóyá nítorí ìyẹn ni àwọn ènìyàn ṣe ń dìde dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn bí Ìbíyẹmí ti ń kọjá láti abala dé abala, àwọn kan fi ọwọ́ lé orí, àwọn ìyá tó ti rí ọmọ wọn gbà padà fi ọmọ náà pamọ́ sẹ́yìn ìró wọn bí ẹni tó jí nǹkan.

Fẹ̀yíkẹ́mi jókòó sórí ẹní ní igun kíláàsì, òun nìkan ló kù. Olùkọ́ rẹ̀ dìde, ó sì jáde. Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. Ẹnì kan ti sọ fún un, Ìbíyẹmí rí i lójú rẹ̀.

"Ìyá mi, ta ló pa Ẹnu dé?"

"Èmi ni."

"Ṣé bàbá mi mọ̀ pé ẹ̀yin ni?"

"Ó mọ̀. Ó gbọ́ irin náà."

Fẹ̀yí ń fi ìka fa òwú ẹní. Ó fà á títí okùn kan fi já. "Oríkèé wa ń ké láàárọ̀," ni ó wí. "Ó ké títí. A di etí, a ṣì ń gbọ́ ọ. Ògiri là. Lẹ́yìn náà ó kàn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà."

Ìbíyẹmí jókòó tì í.

"Nígbà tó dákẹ́, gbogbo wa pàtẹ́wọ́," ni ọmọ náà wí. "Èmi náà pàtẹ́wọ́, Ìyá mi. N kò mọ̀."